Orin Pẹ̀lẹ́ Kì í Ṣe Orin Ọ̀lẹ

Níbi òkú àgbà kan tí a ṣe ní Ayépé nílẹ̀ Ìjẹ̀bú lọ́dún tó kọjá, nígbà tí èrò ti ń túká tí wọ́n ti ń ká àga jọ, àwa mẹ́ta ṣì jókòó sábẹ́ àtíbàbà, ọ̀rọ̀ orin ló gbẹnu wa. Ẹ̀gbọ́n kan nínú wa, ẹni tó mọ orin débi pé ó lè sọ orúkọ àwọn tó ń lùlù lẹ́yìn olórin kọ̀ọ̀kan fún ọ, ń to àwọn àgbà olórin ilẹ̀ yìí lẹ́sẹẹsẹ: Haruna Ìṣọ̀lá, Ebenezer Obey, Fẹlá. Mo ní kó fi Ofege kún un. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bú sí. Ó ní, "Àbúrò, ṣé ìyẹn náà tún jẹ́ orin? Àwọn ọmọ iléèwé tí wọ́n ń gba imú kọ Gẹ̀ẹ́sì! Rọ́ọ̀kì kì í ṣe tiwa. Èyí tí wọ́n tiẹ̀ ṣe náà, ó ti rọ̀ jù, kò lágbára kankan." Ẹnì kejì mi orí sí i.

Mo panu mọ́, nítorí kò yẹ kí àbúrò máa bá ẹ̀gbọ́n fa ọ̀rọ̀ nílé òkú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi láti ọjọ́ náà, nítorí kì í ṣe ẹ̀gbọ́n yìí nìkan ló ń sọ ọ́. Ẹ bá èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó fẹ́ràn orin ilẹ̀ wa sọ̀rọ̀, ohun tí ẹ óò gbọ́ kò ní yàtọ̀: orin tí yóò bá jẹ́ gidi gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ìbílẹ̀ pọ́ńbélé, tàbí kó gbóná janjan, tàbí kó dojú ìjà kọ ìjọba. Èyí tó bá ń rọra lọ pẹ̀lú gìtá oníná, eré ọmọdé ni. Irọ́ ni. Àwo kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi jẹ́rìí.

Àwo náà ni Try and Love ti ẹgbẹ́ olórin Ofege, tí ilé iṣẹ́ EMI gbé jáde ní 1973. Àwọn tó kọ ọ́ jẹ́ ọmọ iléèwé St. Gregory's College l'Ékòó, kò sì sí ẹni tó tíì pé ogún ọdún nínú wọn. Melvin Ukachi ló ń lé orin; Paul Alade, Felix Inneh, M-Ike Meme àti Dapo Olumide ló wà pẹ̀lú rẹ̀. Odion Iruoje ló darí bí wọ́n ṣe gba orin náà sílẹ̀, ọkùnrin kan náà tó bá Fẹlá ṣe Jeun Ko Ku, ìyẹn orin tó sọ Fẹlá di ìlú-mọ̀ọ́ká. Orin mẹ́jọ ló wà nínú àwo yìí. Ó tà nígbà náà, pàápàá láàárín àwọn ọmọ iléèwé girama. Lẹ́yìn náà la gbé e jù síbi tí a ń gbé aṣọ tí kò bá wa mu mọ́ jù sí.

Àjíǹde ni ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. N kò tíì ju ọmọ ọdún mọ́kànlá lọ. Bùrọ̀dá wa tó ń ṣiṣẹ́ l'Ápápá wálé sí Ayépé, ó gbé gírámófóònù kékeré kan tó ń lo bátìrì wá, àti àwo bíi méje nínú báàgì. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ la jókòó sí. Àǹtí mi wà lórí àpótí lẹ́yìnkùlé, ó ń rin ewùrà fún ìkọ́kọrẹ́ lórí páànù tí wọ́n fi ìṣó lu. Ẹni tó bá mọ ìkọ́kọrẹ́ mọ̀ pé a kì í kánjú rin ewùrà; bí èèyàn bá sáré, èékánná ni yóò rin mọ́ ọn. Bùrọ̀dá kọ́kọ́ fi àwo àwọn òyìnbó kan sí i, ti àwọn onígìtá líle. Bátìrì ti ń rẹ̀, ohùn kò lè ròkè, ni gbogbo orin náà bá di wúrúwúrú, bí ìgbà tí kòkòrò wọ inú agolo. Ó yọ ọ́. Ó fi Try and Love sí i.

Gírámófóònù yẹn náà ni, bátìrì tó ń rẹ̀ yẹn náà ni, ṣùgbọ́n ohun gbogbo dá ṣáká. Gìtá kan ń rọra rìn lọ, gìtá olóhùn ìsàlẹ̀ ń dá a lóhùn, ìlù ń tẹ̀lé wọn láìsáré, ohùn àwọn ọmọ náà sì dà bí ìgbà tí ẹnì kan ń bá ọ sọ̀rọ̀ létí. Kò pẹ́ tí ọwọ́ àǹtí mi fi bọ́ sínú orin náà. Òun gan-an kò mọ̀. Ewùrà ń lọ, ó ń bọ̀ lórí páànù, ó bá ìlù mu rẹ́gírẹ́gí.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n wá ní àwo yìí kò lágbára, ohun tí mo fẹ́ bi í ni pé kí ló ń pè ní agbára. Orin tó gbára lé ariwo, bátìrì lásán ló tú u ká. Èyí tó rọra ń lọ ló dúró. Ariwo a máa bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Níbi tí gìtá mẹ́ta bá ti ń ké lẹ́ẹ̀kan náà, ta ni yóò mọ̀ pé ọwọ́ ẹnì kan ṣì? Nínú orin pẹ̀lẹ́, bí ìka bá yẹ̀ lórí okùn kan báyìí, gbogbo ayé ló gbọ́ ọ. Àwọn ọmọ yìí mọ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ wọ́n fi gbangba sílẹ̀ láàárín ohùn kan àti èkejì. Ẹ gbọ́ It's Not Easy. Orin náà kò bẹ ẹnikẹ́ni pé kó dìde jó. Ó ń lọ bí ẹni tó jí lóru tí oorun ò kùn ún mọ́, tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tó ń ro ayé ara rẹ̀. Nígbà tí gìtá oníhùn-ún-hùn-ún wá dá sí i, kò wá jà; ó wá bá ẹni tó jókòó yẹn sunkún ni. Mo ti gbọ́ àgbàlagbà olórin tó ti fi ogójì ọdún ta gìtá tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó ká ọwọ́ kò. Àwọn ọmọ iléèwé yìí mọ̀ ọ́n.

Ó yẹ kí agbára ohùn pẹ̀lẹ́ yìí yé àwa Ìjẹ̀bú ju ẹnikẹ́ni lọ. Ta ni Haruna Ìṣọ̀lá tí ẹ̀gbọ́n kọ́kọ́ dárúkọ? Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni. Ìjókòó ló fi ń kọ àpàlà rẹ̀, àwọn onílù àti oníṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ yí i ká, agídìgbo ń dún nísàlẹ̀. Kò sí fèrè, kò sí gìtá. Kì í pariwo. Ohùn ìsàlẹ̀ ló fi ń sọ òwe, yóò sọ ọ́ bí ẹni tó mọ̀ pé o kò ní dìde kúrò níbẹ̀ kó tó parí ọ̀rọ̀. Ní Abẹ́òkúta, Àyìnlá Ọmọwúrà ń fi iná kọ àpàlà tirẹ̀, ó ń bú àwọn ọ̀tá, ó ń halẹ̀. Àpàlà ni méjèèjì. N kò tíì rí ẹni tó gbọ́n tó sọ pé nítorí pé ti Àyìnlá gbóná, ti Haruna kì í ṣe orin. Ohun tí a máa ń sọ nípa Haruna ni pé ó tutù, pé ó jinlẹ̀. A ka ìtutù sí ìwà àgbà. Bí a bá ń súre fún ọmọ tuntun, ẹ̀rọ̀ la ń tọrọ. Omi la kọ́kọ́ ń fi kàn án lẹ́nu, a kì í bẹ̀rẹ̀ látorí ata. Báwo wá ni ìtutù kan náà, nígbà tó bá ti ọwọ́ ọmọ onígìtá jáde, ṣe di ìwà ọ̀lẹ?

Ẹ tún jẹ́ kí n rántí nǹkan kan nípa Haruna yìí kan náà. Àwo tó kọ́kọ́ ṣe ní 1948, tó fi yin Ọba Adébóyè, Orímolúsì Ìjẹ̀bú-Igbó, kò tà. Ilé iṣẹ́ His Master's Voice ló gbé e jáde, ọjà kò gbà á. Ní 1955 tí ọba náà wàjà, Haruna tún orin náà kọ, ni àwọn èèyàn bá rọ́ lọ rà á. Ọba kan náà ni, olórin kan náà ni. Etí wa ló yí padà. Ọkùnrin tí ọjà kọ̀ yìí ló wá dá sítúdíò Phonodisk sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó ní 1979. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún mi pé bí àwo kan bá dára, a kò ní gbàgbé rẹ̀, mo máa ní kó lọ bi àwọn ará Ìjẹ̀bú-Igbó.

Ẹ̀sùn mìíràn ni pé rọ́ọ̀kì kì í ṣe tiwa. Òótọ́ ni pé àwọn ọmọ Ofege fetí sí Santana dáadáa, ó hàn nínú bí wọ́n ṣe ń ta gìtá. Ta wá ni Santana fetí sí? Nínú àwo rẹ̀ àkọ́kọ́, èyí tó jáde ní 1969, orin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Jingo. Babátúndé Ọlátúnjí ló ni orin náà, ọmọ Àjídò lẹ́bàá Àgbádárìgì, tó gbé ìlù wa dé Amẹ́ríkà, tó sì fi orin yẹn sínú àwo rẹ̀ Drums of Passion. Ohùn ìlù ilé wa ló rìnrìn àjò tó dé ọ̀dọ̀ Santana, ló gun orí gìtá oníná, ló tún padà wá sí etí àwọn ọmọ iléèwé kan l'Ékòó. Ṣé ọmọ tó bá lọ gbé ìgbá ìyá rẹ̀ tó wà nílé aládùúgbò la ó máa pè ní olè?

Ọdún 1973 yẹn náà ni Paul McCartney wá láti ìlú ọba sí sítúdíò EMI l'Ápápá, tó wá ṣe púpọ̀ nínú àwo Band on the Run níbẹ̀. Fẹlá fi ẹ̀sùn kàn án pé ó wá jí orin wa gbé. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Bí òyìnbó bá sún mọ́ orin wa, a ní ó ń jí i. Bí ọmọ wa bá sún mọ́ gìtá wọn, a ní orin wọn ló ń jí. Kí ni kí ẹni tó bá fẹ́ ta gìtá ní ilẹ̀ yìí wá ṣe? Gìtá tí a ní kì í ṣe tiwa yẹn, Àyìndé Bákàrè ti gbé èyí tó ń lo iná wọ inú jùjú láti 1949. Lónìí, kò sí ẹni tó ń bi Ebenezer Obey pé níbo ló ti rí gìtá. Ó ti pẹ́ lọ́wọ́ wa, ó ti di tiwa. Àwọn ọmọ yìí kò ní ẹ̀ṣẹ̀ méjì ju pé wọn kò pẹ́ tó. Àwọn tó sì ní gbogbo rẹ̀ jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì kò tiẹ̀ ka orúkọ orin tó wà lára páálí àwo náà: Gbe Mi Lo wà níbẹ̀, ní ojú kìíní.

Wọ́n tún ní àwo náà kò bá ìjọba wí. Mo fẹ́ràn Fẹlá. Mo mọ bí àwọn sójà ṣe ya wọ ilé rẹ̀ tí wọ́n sì jó o ní February 1977, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tó wà nínú orin rẹ̀ ló fa á. Ẹni tó bá sanwó tó tó bẹ́ẹ̀ fún orin, ìbọ̀wọ̀ ló tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ń lu ìlù ogun náà ló ń lu ìlù ìyàwó, kò sì sí ìlú tó ń gbé orí ìlù ogun nìkan. Ẹ wo orúkọ àwọn tó kọ Try and Love. Ukachi, orúkọ Ìgbò. Alade àti Olumide, orúkọ Yorùbá. Inneh, orúkọ Ẹdó. January 1970 ni ogun abẹ́lé parí. Ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn tí àwọn àgbàlagbà ilẹ̀ yìí jáwọ́ nínú pípa ara wọn, àwọn ọmọ yìí jókòó sínú yàrá kan, wọ́n kọ orin pọ̀, wọ́n sì sọ àwo náà ní orúkọ tó ń rọ èèyàn pé kó gbìyànjú láti nífẹ̀ẹ́. N kò ní wọ́n pète rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọ iléèwé ni wọ́n, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin ló wà lọ́kàn wọn. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé orin yẹn kò ní ohun tó ń sọ. Ó sọ ọ́ ní ohùn pẹ̀lẹ́ ni, ilẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìbọn kò sì nílò kí ẹnikẹ́ni tún pariwo mọ́ ọn.

Mo ní ọ̀rọ̀ kan fún àwọn òyìnbó tó ń kó àwo wa jọ pẹ̀lú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Bí kò bá sí wọn, púpọ̀ nínú àwo wọ̀nyí ì bá ti jẹ dànù nínú àká. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń wá ni wọ́n ń rí. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Soundway ní ìlú ọba kó rọ́ọ̀kì wa jọ ní 2008 tí wọ́n pè é ní Nigeria Rock Special, wọ́n kọ ọ́ sára páálí àwo náà gbangba pé gìtá oníhùn-ún-hùn-ún àti orin amúniṣiwèrè ni àwọn ń tà. Ẹ̀tọ́ wọn ni, ọjà wọn ni. Ohun tó ń dùn mí ni pé àwọn ọ̀dọ́ wa tó wá ń padà sí orin yìí, ọwọ́ àwọn òyìnbó yìí ni wọ́n ti gbà á, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wá èyí tó le jù, tó ya wèrè jù, tí wọ́n sì ń fo orin pẹ̀lẹ́ kọjá. Àwọn àgbà ní ó rọ̀ jù fún Fẹlá. Àwọn ọmọdé ní ó rọ̀ jù fún rọ́ọ̀kì. Àárín ẹsẹ̀ méjì ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ pa.

Àwo náà ní àbùkù, kò yẹ kí n fi pamọ́. Ohùn wọn a máa yẹ̀ nígbà mìíràn, pàápàá níbi tí wọ́n bá ti gbè pọ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan wà níbẹ̀ tí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún nìkan ló lè kọ. Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ ẹni tó mọ gìtá rọ́ọ̀kì jù wọ́n lọ, ẹ lọ gbọ́ BLO, tí àwo wọn Chapter One jáde ní ọdún yẹn kan náà: Berkley Jones, Laolu Akins àti Mike Odumosu. Iṣẹ́ àgbà ni tiwọn. Ṣùgbọ́n àbùkù kì í sọ ohun tó dára di ohun tí kò dára. Ohùn ọmọdé tó yẹ̀ díẹ̀ nínú orin ìfẹ́, mo gbà á ju ohùn tí ẹ̀rọ fọ̀ mọ́ títí tí kò fi jọ ti èèyàn mọ́.

Bí mo sì ti dárúkọ Laolu Akins, ẹ jẹ́ kí n parí rẹ̀. Ẹni tó ń lu ìlù nínú BLO, nínú rọ́ọ̀kì tí wọ́n ní kì í ṣe tiwa, òun náà ló darí àwo Ace tí Shina Peters gbé jáde ní 1989. Kò sí ìnáwó kan nílẹ̀ Yorùbá nígbà náà tí wọn kò ti kọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi yìí gan-an jó o. Mo wà níbẹ̀, agbádá rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Kò bi ẹnikẹ́ni pé ọwọ́ ta ni orin náà ti gbà kọjá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gba ohun tí ẹnu rẹ̀ ń kọ̀.

Nígbà tí Àjíǹde tó kọjá tó, mo gbé àwo náà lọ sí Ayépé. Àǹtí mi ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló ń rin ewùrà báyìí, ẹ̀rọ ni wọ́n sì fi ń lọ̀ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Mo jókòó tì í ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. N kò sọ orúkọ orin náà fún un, n kò sì rán an létí ohunkóhun. Orin mẹ́rin lọ tán. Abẹ́rẹ́ dé àárín, ó ń ta kì-ì, kì-ì, kì-ì. Mo rò pé oorun ti gbé e lọ. Ó gbé orí sókè, ó ní, "Ẹ̀yìn rẹ̀ ńkọ́? Ẹ yí i."